Ìfẹ̀yìntì Kò Sí Fún Ìmọ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a sì fẹ́ kí gbogbo mọ́ṣáláṣí gbé e yẹ̀ wò. Òfin iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni pé bí ẹnìkan bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé, kí ó fẹ̀yìn tì. Oníṣòwò kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí orúnkún bá kọ ìdúró ni yóò fa kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn a jókòó sílé, wọn a máa ka iye oṣù tí owó ìfẹ̀yìntì kò ì dé. Tíṣà tí ó mọ ìṣirò, nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìtọ́jú aláìsàn, ìyálọ́jà tí ó mọ ọjà láti Kánò dé Kútọnu, gbogbo ìmọ̀ wọn a bá wọn wọ sàréè. Òfò ńlá ni fún ìjọ.

Àwọn kan ń wí pé ọmọdé ni ẹ̀kọ́ wà fún. A kò gbà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti tó ẹni 40 ọdún nígbà tí àṣẹ àkọ́kọ́ dé bá a nínú ihò Hira, àṣẹ náà sì ni pé kí ó kà. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Adájọ́ Bọ́lá Ajíbọ́lá, tí ó ṣe adájọ́ ní Kóòtù Àgbáyé ní ìlú Hague láti 1991 di 1994, ti lé ní 70 ọdún kí ó tó dá Yunifásítì Crescent sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2005.

Gbogbo wa kọ́ ni a lè dá yunifásítì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìjọ tí kò lè tẹ́ ẹní. A bẹ ẹ̀yin Lẹ́mọ́mù, Bàbá Àdínnì àti Ìyá Sùnnà: ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn àgbà, láàárín ìrun Alásàrì àti Màgàríbà. Kí tíṣà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìṣirò, kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí oníṣòwò kọ́ wọn bí a ti ń ṣírò èrè àti gbèsè. Lẹ́yìn náà, kí àwọn àgbà fúnra wọn kéwú lọ́dọ̀ ààfáà. Ojú ń ti ẹlòmíràn láti bá ọmọdé jókòó ní ilé-kéwú. Bí ó bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ìtìjú tán.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá a wá Al-Maktaba al-Shamela sórí fóònù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Lárúbáwá ni ó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó sì máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà lọ́nà jíjìn jíròrò ohun tí ó kà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá yé e, kí ó bi ààfáà.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ṣì ń ná ọjà, ẹ má dúró de orúnkún. Ẹ ra bẹ́ǹṣì, ẹ ra iná, kí ẹ sì wá jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àgbà má ṣe wà ní mọ́ṣáláṣí kí ọmọ máa rìn nínú òkùnkùn.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹ̀mí gígùn tí ó ní ìwúlò. Àmín.