Ilẹ̀ Ògóni: Kòkòrò inú ilẹ̀ nìkan kò lè jẹ epo rọ̀bì tán

Ní Ejama-Ebubu, ilẹ̀ Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers, epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀ ní nǹkan bí 1970 ṣì wà nínú ilẹ̀ nígbà tí àwọn olùwádìí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, débẹ̀ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń jẹ epo. Kí ló wá dé tí wọn kò jẹ ẹ́ tán?

Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé ewé tó bá jábọ́ kì í pẹ́ di ọ̀rá ilẹ̀. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín yìí ni. Bí epo bá dà lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ á kú. Ìwọ̀nba tó lè fi epo ṣe oúnjẹ á máa bí sí i, wọn á sì gba ilẹ̀ kan. Bó bá pẹ́, oríṣi kòkòrò tó wà níbẹ̀ á dín kù, iṣẹ́ tí àwọn tó kú ń ṣe fún irúgbìn á sì dúró.

Àwọn ajẹpo náà kò lè dá a ṣe. Wọ́n nílò afẹ́fẹ́, omi àti ajílẹ̀. Epo nìkan dà bí ẹ̀bà tí kò ní ọbẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, èyí tó ki bí ọ̀dà á ṣẹ́kù.

Ibẹ̀ ni ìṣòro Ògóni wà. Ìròyìn UNEP tó jáde ní 2011 fi hàn pé ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5 ó kéré tán, ìyẹn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ. Afẹ́fẹ́ kì í tó nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkè ilẹ̀ ni wọ́n sì ń tú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń da ajílẹ̀ sí, kí kòkòrò lè ṣe ìyókù. Nínú ibi 15 tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe, tí UNEP yẹ̀ wò, epo inú 10 ṣì ju iye tí òfin gbà lọ.

Ìjọba àpapọ̀ ṣí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ tuntun ní 2016. UNEP ní ó lè gba ọdún 25 sí 30. Bí wọn kò bá wa ilẹ̀ dé ibi tí epo dé, orí òfo ni àwọn kòkòrò náà ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń retí oko baba wọn á sì dàgbà sẹ́nu ìrètí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.