Ta Ni Ó Tọ́ Aṣọ́lé Náà?

Nígbàkúùgbà tí ọmọ kan bá yọrí ní òkèèrè, kíá ni a ó wí pé, "Ọmọ wa ni." Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni, àwa kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹni tí ó pe ọmọ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sá fún ìbéèrè kan: ta ni ó tọ́ ọ?

Gavin Bazunu, aṣọ́lé nínú eré bọ́ọ̀lù, ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni a bí i sí ní ọdún 2002. Ẹgbẹ́ Shamrock Rovers ti ìlú náà ni ó kọ́ ọ, títí ó fi ń ṣọ́lé fún àwọn àgbà wọn ní ọdún 2018, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ní ọdún 2019, Manchester City rà á, wọ́n sì ń tọ́ ọ lọ. Wọ́n yá Rochdale àti Portsmouth ní ọmọ náà kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ iṣẹ́. Ní oṣù Kẹsán ọdún 2021, ní ìlú Faro, ọmọ ọdún 19 yìí dá pẹnáritì tí Cristiano Ronaldo gbá padà. Ireland ni ó ṣọ́lé fún lọ́jọ́ náà, ẹ̀tọ́ sì ni.

Kí ni èyí kàn wá ní Pleasure? Ìdímù kò jìnnà sí wa, Alimosho kan náà ni a jọ wà. Níbẹ̀ ni bàbá Peter Rufai ti jẹ ọba. Ọmọ ọba yìí, tí ó papòdà ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2025, gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores ti Èkó kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Benin àti Bẹ́ljíọ̀mù. Òun ni ó ṣọ́lé nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní ọdún 1994. Ilé ti mọ̀ ọ́n kí òkèèrè tó mọ̀ ọ́n.

Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ń wá ẹni tí yóò gbé ọmọ ọdún 14 lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù òkèèrè. Kí wọ́n mọ̀ pé òfin FIFA kò gba kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Òfin kan náà sọ pé bí a bá ra agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ kò ní ẹ̀rí, kò sì ní gba nǹkan kan.

Àwa kò wí pé kí ọmọ má lọ. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ni pé kí ẹ má jẹ́ kí a ta pápá ìṣeré tí ó kù. Kí ẹ mú kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wa fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kí a kọ ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí gan-an. Kí ọmọ má sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá ṣe èyí, nígbà tí a bá wí pé, "Ọmọ wa ni," ìwé yóò jẹ́rìí sí i.