Ọ̀rá Tí A Fi Ń Dí Ihò Ọgbẹ́ Inú



Ẹni tí ó bá ti la ikùn àgbò Iléyá rí yóò ti rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó tẹ́ sórí ìfun bí àwọ̀n. A máa ń fà á kúrò kí a lè fọ ìfun, a kì í sì í béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Èmi náà kò béèrè, títí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ fi gba ẹ̀mí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan là.

Ó pẹ́ tí ọgbẹ́ inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń lo oògùn ara ríro nítorí orúnkún rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, inú gún un lójijì bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún ènìyàn. Ikùn rẹ̀ le bí pákó, kò sì lè yíra padà. Ẹnìkan ní kí a fún un ní mílíìkì, ẹlòmíràn ní àgbo. Àlájà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kọ̀ jálẹ̀: “Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu o. Ẹ wá ọkọ̀.” Òótọ́ ni ó sọ. Ọgbẹ́ náà ti lu àpòlùkù já. Ohunkóhun tí ó bá gbé mì yóò dà sí gbangba ikùn, pẹ̀lú omi kíkan tí ń da oúnjẹ.

Ní 1880, Mikulicz gbìyànjú láti rán irú ihò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn náà kú. Ní 1892 ni Ludwig Heusner, ní Jámánì, rán ti ẹnì kan tí ó sì yè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé etí ọgbẹ́ ti wú, ó sì ti rọ̀; bí a bá fi agbára fà á pọ̀, òwú lè fà á ya. Nítorí náà, lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá ti fa ìdọ̀tí jáde tí wọ́n sì ti fọ inú ikùn, ọ̀rá yẹn ni wọ́n sábà máa ń fà wá, láì gé e kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn á fi dí ihò náà, wọn á sì fi òwú dè é mọ́ ọn. Cellan-Jones kọ nípa ọ̀nà yìí ní 1929. Láti 1990 ni àwọn kan ti ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe é pẹ̀lú kámẹ́rà, láì la ikùn gbàgà. Bí ihò náà bá tóbi jù, wọ́n lè gé lára àpòlùkù. Wọ́n tún máa ń mú díẹ̀ létí ọgbẹ́ àpòlùkù fún àyẹ̀wò, nítorí jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n dídí ihò kọ́ ni òpin ìtọ́jú. Barry Marshall àti Robin Warren, ará Ọsirélíà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005 nítorí wọ́n fi hàn pé kòkòrò Helicobacter pylori ń fa ọgbẹ́ inú. Bí àyẹ̀wò bá rí i, a gbọ́dọ̀ fi oògùn pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọgbẹ́ lè padà. Ibuprofen àti diclofenac náà kì í ṣe ẹ̀pà tí a ń jẹ bí ó bá ti wù wá.

Ẹlẹgbẹ́ mi ti padà sí kíláàsì. Bí a bá ti fi wákàtí yẹn se àgbo ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo gbogbo wa.