Ìkìlọ̀ Ara Ògiri Nìkan Kò Tó

Ẹni tó bá ti gba Orè kọjá rí yóò mọ̀ pé ìlú olóúnjẹ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Àwa ará Omifúnfun náà, bí a bá nájà Orè tán, a máa ń yà jẹun kí a tó padà sílé.

Irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ kan. Ìkòkò omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà wà lórí àpótí kúkurú, lójú ọ̀nà tí àwọn oníbàárà ń gbà lọ fọwọ́. Ọmọdékùnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún 3 lọ, sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ó kọlu àpótí náà, omi sì dà sí i lápá.

Olóúnjẹ nawọ́ sí ara ògiri. "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ kò rí ohun tí a kọ síbẹ̀ ni? Ẹ mójú tó ọmọ yín!" Ojú ń ti ìyá náà, bí ẹni pé òun ló gbé ìkòkò síbẹ̀.

Òótọ́ ni pé òbí gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló yan ibi tí omi gbígbóná yóò wà? Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ ọdún 3 kò sì lè ka ìwé ara ògiri. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún tìyá-tọmọ, tó sì gbowó oúnjẹ wọn, ti gba ojúṣe ààbò wọn mọ́ owó náà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ní 2019, ẹran adìẹ díndín tí wọ́n rà ní McDonald's jó ọmọbìnrin ọmọ ọdún 4 kan ní itan. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá McDonald's àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso ẹ̀ka náà lẹ́bi, pé wọn kò kìlọ̀ bó ṣe yẹ nípa ewu oúnjẹ gbígbóná náà. Owó ìtanràn fún ọmọ náà jẹ́ 800,000 dọ́là. Ìkìlọ̀ tó wúlò a máa dárúkọ ewu. Èyí tí mo rí ní Orè kàn gbé ẹrù lé òbí lórí ni.

Nílé wa níbí, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí kò léwu, àjọ FCCPC ni a sì lè mú ẹ̀sùn lọ bá.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọmọ ló ṣáájú ẹjọ́. Ẹnìkan ti gbé epo pupa dé lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò. Epo, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín kọ́ ni oògùn iná. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí a máa dà sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí a má ṣe lo yìnyín, kí a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí n tó jẹun tán, wọ́n ti gbé ìkòkò mìíràn ka orí àpótí kan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣí ilé oúnjẹ, ẹ gbé omi gbígbóná kúrò lójú ọ̀nà. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Bí ọmọ bá ti wọlé yín, ojú tiyín ti wà nínú igba náà.