Ta Ni Ó Bi Onílẹ̀ ní Màhìn?

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń bẹ l'Ákúrẹ́ àti l'Óǹdó tí wọn a máa sọ fún wa pé inú rere àwọn ìjọba ńlá ni òfin tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè ti ṣẹ̀ wá. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù tí àwọn alágbára ń bẹ̀rù ara wọn ni ó bí i; ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé wa.

Ní 1872 ni ìjọba Èkó ṣí ọ̀nà Oǹdó, kí òwò má baà máa dúró de Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tí wọn a máa sé ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí ogun Kírìjì gbóná, tí Aláàfin ránṣẹ́ sí Èkó ní 1881 pé kí wọ́n wá bá òun parí rẹ̀, Ìlú Ọba kò fẹ́ dá sí ọ̀ràn àárín ilẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1885, ilé òwò Gaiser ti Jámánì bá Amapetu ti Màhìn ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀, èyí tí ó wà lónìí nínú ìpínlẹ̀ tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú fún. Lójijì ni ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí di ọ̀ràn ńlá! Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn ìjọba tí ó pé jọ ní Berlin fọwọ́ sí i pé ẹni tí ó bá gba etíkun Áfíríkà gbọ́dọ̀ fi tó àwọn yòókù létí. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin olùkàwé wa: àwọn yòókù ni a ó fi tó létí, wọn kò ní kí a bi onílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jọ dúnàá-dúrà, Jámánì jọ̀wọ́ Màhìn, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀ṣemàwé kò sí níbẹ̀. Déjì kò sí níbẹ̀.

A kò kẹ́gàn àlàáfíà oṣù Kẹfà 1886. Charles Phillips, tí ó ti ń gbé Oǹdó láti 1877, àti Samuel Johnson ni wọ́n rìn ìrìn àárẹ̀ náà láàárín àwọn ajagun. Àwọn ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe Berlin.

Bí ẹnìkan bá ní ọ̀ràn àtijọ́ ni èyí, kí ó wo Bakassi. Nàìjíríà mú àdéhùn tí àwọn ọba Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1884 lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ní 2002, ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, àwọn méjì ọjọ́sí, fọwọ́ sí ní 1913 ni ilé-ẹjọ́ dì mú, wọ́n sì fi Bakassi fún Kamẹrúùnù. Nàìjíríà gbọ́ràn, ó sì parí ìjọ̀wọ́ rẹ̀ ní 2008. Ní oṣù Kejì 2022, nígbà tí a fẹ́ bá Rọ́ṣíà wí nítorí Ukraine nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ na ọwọ́ pé rárá, àbá náà sì kú síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ l'Ákúrẹ́ àti l'Óǹdó, nígbà tí ẹ bá tún ń ka Berlin fún àwọn ọmọ, ẹ ka Màhìn mọ́ ọn.