Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Fídíò Ìfiléhàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jọ ọ̀rọ̀ gírámà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Ó ti di àṣà láàárín àwọn ayàwòrán ilé láti máa ṣe fídíò ilé tí a kò tíì kọ́ fún àwọn oníbàárà wọn. Wọn a fi kọ̀ǹpútà gbé ilé náà dìde, wọn a kùn ún ní ọ̀dà, wọn a to àga àti bẹ́ẹ̀dì sí i, wọn a sì mú onílé rìn láti géètì títí dé yàrá tí yóò máa sùn. Bí owó ilé bá ń ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston wá, tí ilẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, fídíò yìí ni onílé fi ń rí ohun tí ó ń náwó lé lórí. Mo ti wo púpọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ náà dára, n kò bá a jà. Èdè tí a fi ń ṣe é ni mo ń bá jà.

Kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá pè é ní fídíò ilé lásán, a kò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fídíò ìṣílé. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi ilé hàn. Bí a ti rí ìfọwọ́sí láti ara fi ọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni a lè rí ìfiléhàn láti ara fi ilé hàn. Ẹni tí ó ń ṣe é a sì di afiléhàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dùn ún gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.

Iṣẹ́ àṣelàágùn ni fídíò ìfiléhàn. SketchUp, tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé ilé dìde lórí kọ̀ǹpútà, jáde ní ọdún 2000. Blender sì ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti 2002. Àwòrán tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ni fídíò. Bí 30 nínú wọn bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò ìṣẹ́jú 2 di àwòrán 3,600. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lo ìṣẹ́jú 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 300 ni yóò fi ṣiṣẹ́, èyí tí í ṣe ọjọ́ 12 àti ààbọ̀ láìsinmi. Ẹ sì mọ bí iná mànàmáná wa ti rí! Àwọn ètò bíi Lumion, tí ó jáde ní 2010, ni ó mú kí wàhálà yìí dínkù.

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ibi tí fídíò ìfiléhàn ti ń tan ni jẹ nìyí: ó gbé aṣọ àfojúbà wọ̀, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ni. Ojú kámẹ́rà inú kọ̀ǹpútà ṣeé fẹ̀ bí a bá ti fẹ́. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ jù, yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 lọ a dà bí gbọ̀ngàn. Igi tí a gbìn sí ojú ilé lè jẹ́ igi ilẹ̀ òyìnbó, tí a mú láti inú àpò igi tí ó bá ètò náà wá. Kò sí táǹkì omi, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí irin lójú fèrèsé, kò sí eruku ọyẹ́, kò sí ògiri aládùúgbò tí ó sún mọ́ tòsí. Kò sí èyí tí í ṣe irọ́ nínú wọn bí a bá là á mọ́lẹ̀ pé ìròyìn ni. Ẹnu ni a fi ń là á. Kí afiléhàn wí pé, “Ibí yìí ni ilé ìdáná yóò wà, ẹsẹ̀ bàtà 10 ni níbùú, 12 ni lóòró.” Yóò kékeré yẹn ń ṣiṣẹ́ ńlá: ó ń rán onílé létí pé ilé kò tíì sí.

Ṣé ẹni tí ó ń sanwó nìkan ni yóò sì gbé ilé náà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ ni ó wà lókè òkun, ìyá ni yóò wọ inú ilé lọ. Wọn a gbé fóònù fún màmá pé kí ó wò ó. Màmá a rí ilé tí ń yí bírí, a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi imú sọ, a wá ní, “Ó dára o, Olúwa á jẹ́ kí ẹ kọ́ ọ parí.” Àdúrà ni ìyẹn, kì í ṣe èsì. Kò béèrè iye àtẹ̀gùn tí ó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti balùwẹ̀. Kò béèrè ibi tí wọn yóò ti máa gún iyán. Ta ni ó bá a sọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè? Ìgbà tí wọ́n bá parí ilé tán ni orúnkún rẹ̀ yóò tó sọ ohun tí ẹnu kò rí àyè sọ.

Èdè wa sì mọ̀ ọ́n rìn. Ara ènìyàn ni Yorùbá fi ń ya àwòrán ilé: ojú ilé, ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn ilé, etí ògiri, ìdí òpó. Ẹ tún wo àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: “Ẹ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá jáde sí ẹ̀yìnkùlé.” Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó tẹ̀lé ara wọn láìsí ọ̀rọ̀-àsopọ̀ kankan, wọ́n sì ń lọ ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí kámẹ́rà ti ń lọ. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìhun yìí lọ́dọọdún, n kò sì rí ibi tí ó ti wúlò tó báyìí.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ilé ìgbàlódé. Kí ni a ń pe ìloro, gbàgede, ìyẹ̀wù, àjà, àtẹ́rígbà nígbà náà? Ilé ti yí padà lójú wa rí. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Bùràsíìlì padà dé Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú ilé tí ọ̀nà la àárín rẹ̀ já wá, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlá tẹ́lẹ̀, dìde, ó lọ jẹ́ orúkọ ọ̀nà àárín náà. Nígbà tí ilé alájà dé, a mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a sọ ọ́ di pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ẹni tí ó bá wa wí. Bí másítà bẹ́dírúùmù bá wu ẹnìkan, kí ó máa pè é bẹ́ẹ̀, bí àwọn gbólóhùn yòókù bá ṣáà ti jẹ́ Yorùbá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní fásitì kan náà pẹ̀lú yín. Ẹ lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ inú fídíò ìṣẹ́jú 2 kò pọ̀ rárá. Ìrọ̀lẹ́ kan tó láti kọ ọ́, kí ẹ sì kà á sórí fídíò náà. Èmi náà ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Àlàfo tóóró tí ó wà láàárín ògiri ilé méjì, kí ni wọ́n ń pè é ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Kétu? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.