Òtẹ́ẹ̀lì Tó Gbó Kọ́ Là Ń Sá Fún, Èyí Tó Dọ̀tí Ni

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ kí ìpàdé gbogboogbò tó dé. A ti fẹnu kò pé Àgbádárìgì ni ẹgbẹ́ wa máa lọ gbafẹ́ lọ́dún yìí. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni pé ṣé ká sùn níbẹ̀ ni, àbí ká lọ láàárọ̀ ká padà nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé, "Ta ló máa sùn nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ yẹn?" Àwa tí à ń kọ ojú ìwé yìí sọ pé ká sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọlọ́jà wò ó. Àlejò tó bá dé Àgbádárìgì ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, yóò sáré wo ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Marina. Yóò wo ibi tí igi Agia wà kó tó wó ní 1959, níbi tí wọ́n ti wàásù ìgbàgbọ́ ní 1842. Yóò wo ilé tí wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹrú pa mọ́ sí, yóò sì wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, níbi tí àwọn ẹrú gbà lọ tí wọn ò padà wálé mọ́. Tó bá fi máa di agogo mẹ́rin, ẹ̀rù súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 ti ń bà á, ó ti kó sínú mọ́tò. Kí ló rà? Omi inú ọ̀rá, bóyá pẹ̀lú àgbọn kan.

Àlejò tó bá sùn ńkọ́? Yóò jẹun alẹ́. Ẹnì kan ló pa ẹja yẹn, ẹnì kan ló yan án, ẹnì kan ló ta ata àti àlùbọ́sà. Láàárọ̀, yóò mu ògì, yóò jẹ àkàrà. Ẹnì kan ló lọ ẹ̀wà yẹn. Kó tó máa lọ, yóò yà sí ọjà Àgbalátà, yóò ra òróró àgbọn, ẹja gbígbẹ àti gàrí dání. Ọlọ́kadà jẹ, ọlọ́kọ̀ ojú omi jẹ, alágbàfọ̀ jẹ. Oorun òru kan ṣoṣo ló mú gbogbo rẹ̀ wá. Ìlú tí àlejò ò bá ti lè sùn, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ọjà ibẹ̀.

Àwa márùn-ún tí ẹgbẹ́ rán lọ wo ilẹ̀ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí ọ̀sà; a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri ti ń bó. Àga inú pálọ̀ jẹ́ irú èyí tó lòde nígbà tí àwọn kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé ọkọ. Tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá ló wà nínú yàrá, kò sì sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó dùn wá nínú gbogbo ìyẹn. Nígbà tí a ṣí fèrèsé, atẹ́gùn ọ̀sà wọlé, a ò tiẹ̀ béèrè ẹ́síì mọ́. Ní ìdájí, à ń wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n. Ìyá kan nínú wa ní ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti jókòó nírú àkókò bẹ́ẹ̀ láì máa ka owó.

Ohun tó dùn wá ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ń rùn, ẹ̀rọ omi tó ń mí hòò láì mú omi wá, àti ìlẹ̀kùn tí a fi àga tì nítorí pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́.

Ògbó lọ́tọ̀, ìdọ̀tí lọ́tọ̀. Ní 1845 ni wọ́n parí ilé pẹtẹ́ẹ̀sì Marina tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Títí dòní ó ṣì dúró, owó la sì fi ń wọ̀ ọ́ wò, nítorí pé wọ́n ń gbá a, wọ́n ń tún un ṣe. Kí ló wá dé tí òtẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà tó ọ̀pọ̀ nínú wa fi wá di ohun à ń sá fún?

A ò ní kó gbogbo ẹ̀bi fún olóhun o. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ń jẹ irin, ọ̀rinrin ń jẹ pákó àti ọ̀dà. Ilé etí omi ń fẹ́ àtúnṣe ju ilé òkè lọ. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe ní 2009 falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti bodè Sẹ̀mẹ̀ pa, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Àrùn Kòrónà bọ́ sáàárín rẹ̀. Ní 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo jẹnẹrétọ̀ wá di góòlù. Bí àlejò ṣe dín kù ni owó àtúnṣe ń dín kù. Bí kò ṣe sí àtúnṣe, àlejò tún dín kù sí i. Ọlọ́jà wo ni kò mọ èyí? Ìsọ̀ tí ọjà ò bá sí nínú rẹ̀, oníbàárà kì í yà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n epo kọ́ ló ní kí wọ́n má fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Omi kànga, ọṣẹ àti oòrùn tó ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́ tó o. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Àwọn kan ní kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, kí olówó ńlá wá kọ́ tuntun. A ò bá tuntun jà. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì ńlá lè máa kó ẹja inú yìnyín wá láti Èkó, kí ẹlẹ́ja Àgbádárìgì máa wò ó níran. Òtẹ́ẹ̀lì tó gbó tí a sùn yìí, ọmọ ni wọ́n rán lọ sọ́jà láàárọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n. Owó yàrá rẹ̀ náà sì ni apá wa ká.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wá nǹkan ṣe sí iná àti omi. Kí àwọn olóhun fún wa ní nǹkan mẹ́rin péré: omi nínú báàkẹ́tì bí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí a fọ̀ tí a sá sóòrùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí kò lu, ilẹ̀kùn tó ń tì. Kí wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ná.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú, kó ka nǹkan mẹ́rin yìí sí wọn létí, kí a má sì sanwó títí a ó fi fojú rí i. Bí ẹ ṣe ń tẹ tòmátì wò kí ẹ tó rà á ni kí ẹ tẹ fóòmù wò, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn wò. Bí nǹkan bá kù, ẹ pe máníjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un. Ẹ má dákẹ́ níbẹ̀ kí ẹ wá máa rojọ́ nínú mọ́tò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ nawọ́ sókè fún sísùn. Owó tí a bá ná lọ́wọ́ obìnrin ẹlẹ́ja ní Àgbádárìgì, ọwọ́ ọlọ́jà bíi tiwa ló bọ́ sí. Àwa náà ṣá ń retí àlejò tó máa sùn ní ìlú tiwa, kó tó jí wá sọ́jà láàárọ̀.